Ẹ Wọn Ojú Yín, Ẹ Wọn Kámẹ́rà Yín, Kí Ẹ Tó Ra Mọ́nópọ́ọ̀dù

Ní Ojúde Ọba ọdún kan, ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo wà lẹ́yìn irin tí wọ́n fi dínà, mò ń ya àwọn ìdílé Balógun bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin kọjá, ni kámẹ́rà tí mo dè mọ́ orí ọ̀pá mọ́nópọ́ọ̀dù mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Kò já bọ́ o. Ó kàn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń tòògbé lórí àga, èmi náà sì ń tẹ̀ tẹ̀lé e láìfura. Nígbà tí ìdílé kejì fi máa kọjá, mo ti ká kò bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ nílẹ̀. Mo wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè dúró dáadáa, oríkèé ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà bá já wọ inú èyí tó wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́tò tí mo tẹ̀ lásìkò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi: pátákò ẹṣin mẹ́rin àti iyanrìn.

"Kílò 8" ni wọ́n kọ sára páálí mọ́nópọ́ọ̀dù ọ̀hún. Ẹrù tí mo gbé lé e kò pé kílò 3.

N kò ní kí ẹ má ka nọ́ńbà ara páálí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ bí ẹ ṣe ga tó, kò mọ lẹ́ǹsì tí ẹ ń lò, kò sì mọ̀ pé ẹ máa ń fara tì í bó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán tí ẹ ò tíì jẹun. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ríra mọ́nópọ́ọ̀dù fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé, kó tó di pé ẹ wọ Computer Village ní Ìkẹjà lọ bá ọlọ́jà dúnàádúrà.

Fún ẹni tí kò tíì lò ó rí: ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan ni. Kò lè dá dúró bíi tíráípọ́ọ̀dù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò sì yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ kó dá dúró láé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ wa, ó sì ń dín gbígbọ̀n kù. Ẹni tó fọwọ́ lásán gbé lẹ́ǹsì 200 mm dání, òfin àtijọ́ sọ fún un pé kí ṣọ́tà, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí ojú tó sì ń pa á dé, má lọ sílẹ̀ ju 1/200 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Lórí mọ́nópọ́ọ̀dù, mo máa ń lọ sí 1/50 fún ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹni náà bá ń jó, ọ̀rọ̀ yí padà, torí ọ̀pá ò lè bá yín dá oníjó dúró. Ṣọ́tà tó yá nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Àǹfààní kejì, tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òde máa mọ̀ dáadáa, ni pé ẹsẹ̀ kan kì í gbé alága ìdúró ṣubú. Tíráípọ́ọ̀dù ti gbé e ṣubú lójú mi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ibi tí ojú yín dé

Ẹ bi onífọ́tò bó ṣe ga tó, ti àtàrí ló máa sọ fún yín. Àmọ́ ojú la fi ń wo kámẹ́rà, ojú àgbàlagbà sì máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 tàbí 12 rẹlẹ̀ ju àtàrí rẹ̀ lọ. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sóde iṣẹ́, ẹ dúró ti ògiri bí ẹ ṣe máa ń dúró gan-an, láìnàró bíi ṣójà, kí ẹnì kan fi bírò sàmì síbi tí ojú yín bá dé. Téèpù télọ̀ ti tó, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 150 ló gùn mọ, ojú ọ̀pọ̀ nínú wa sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ sàmì sí 100 lára ògiri, kí ẹ wá tún téèpù náà gbé láti ibẹ̀.

Èmi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 9, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 175. Tí mo bá wọ kánfáàsì mi, ojú mi wà ní 165.

Kí ẹ tó kúrò nídìí ògiri, ẹ jókòó sórí àpótí kékeré, kí wọ́n tún sàmì. Ẹni tó ń ya bọ́ọ̀lù ní Adàmásìngbà mọ ìdí rẹ̀: ẹ̀yìn ojú ìlà ni wọ́n máa ń fi wá sí, orí ìjókòó la sì ti ń ṣiṣẹ́ fún 90 ìṣẹ́jú. Ojú mi lórí àpótí wà ní nǹkan bíi 110. Tí mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó máa ń tó 78. 78 yìí ṣì máa wúlò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ ohun tó wà láàárín

Láti òkè ọ̀pá dé ojú yín, kámẹ́rà wà níbẹ̀, orí, ìyẹn ohun tí a ń dè sáàárín ọ̀pá àti kámẹ́rà kí kámẹ́rà lè ṣeé tẹ̀, sì wà níbẹ̀ bí ẹ bá ń lò ó. Àwọn kámẹ́rà ńláńlá máa ń gba bíi sẹ̀ǹtímítà 9 láti ìdí wọn dé ojú ìwò, ihò tí a ń gbé ojú sí. Lẹ́ǹsì tó bá ní òrùka àti ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn la máa ń dè mọ́ ọ̀pá, torí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Lára lẹ́ǹsì 70-200 mm mi, láti àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́ǹsì dé ojú ìwò kámẹ́rà, sẹ̀ǹtímítà 13 ni. Orí kékeré tí mò ń lò jẹ́ 8.

165, ẹ yọ 13, ẹ yọ 8: ó ku 144.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí, wọ́n á lọ ra ọ̀pá 145, wọ́n á sì máa fi ẹ̀yìn dídùn sanwó rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi kún un

Òkè là ń wò nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó gun ẹṣin ga jù wá lọ, pásítọ̀ wà lórí pẹpẹ, olórin wà lórí ìtàgé, ọkọ àti ìyàwó jókòó sórí pèpéle tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí imú lẹ́ǹsì bá gbéra sókè, ìdí kámẹ́rà á lọ sílẹ̀ bíi jángilọ́fà, ojú yín á sì ní láti bá a lọ. Láti òrùka lẹ́ǹsì mi dé ojú ìwò, ó tó sẹ̀ǹtímítà 25. Tí mo bá gbé imú rẹ̀ sókè ní dìgírì 20 péré, ojú ìwò máa fi sẹ̀ǹtímítà 8 ó lé díẹ̀ rẹlẹ̀. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe gùn sí ni yóò ṣe pọ̀ sí. Kò sí páálí tí mo tíì rí tó kọ èyí sára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pá náà kì í dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró gbọin-in, ẹ ó ti ìdí rẹ̀ síwájú, ẹ ó dà á sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì àti tirẹ̀ di mẹ́ta bí ààrò. Ọ̀pá 160 tí ẹ bá dà tó dìgírì 20, gíga rẹ̀ ti di 150. Sẹ̀ǹtímítà 10 lọ báyẹn.

Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin wà lórí pèpéle ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí ọ̀pá wà nínú gọ́tà. Èyí ni n kì í ṣírò, torí mo lè wá ibòmíràn dúró sí.

Nítorí náà, 144, ẹ fi 8 kún un, ẹ fi 10 kún un: 162. Ohun tí mò ń wá lọ́jà nìyẹn, ó kéré tán. Tí mo bá rí 170, mo máa mú un, nítorí oríkèé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló máa ń tín-ín-rín jù, mi ò sì fẹ́ fà á yọ tán. Ẹni tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 3, tó ń lo irú kámẹ́rà kan náà, ìṣirò tirẹ̀ á parí sí bíi 147, ọ̀pá 150 sì ti tó o. Ọ̀pá tó ga jù ṣeé dín kù. Èyí tó kúrú ni kò lóògùn.

Ẹ̀yin tó ń ya fídíò, sikiríìnì ni ẹ ń wò, kì í ṣe ojú ìwò, nítorí náà àyà ni kámẹ́rà lè wà. Ohun tí ẹ nílò ni ọ̀pá tó lè dé mítà 2 nígbà tí wọ́n bá yí tọkọtaya ká, tí wọ́n ń náwó lé wọn lórí, tí gèlè sì dí gbogbo ojú ọ̀nà. Irú èyí tó ní ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́ta nídìí ló dára fún iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn kì í ṣe tíráípọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lọ gba ìrẹsì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé ẹrù yín sórí sìkéèlì

Sìkéèlì kékeré tí wọ́n fi ń gbé báàgì rọ̀, tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wọn ẹrù kí wọ́n tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ló dára jù. Ẹ kó gbogbo ohun tó máa wà lórí ọ̀pá sínú àpò kan: kámẹ́rà pẹ̀lú bátìrì, lẹ́ǹsì pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀, fíláàṣì, máìkì bí ó bá wà, àti orí ọ̀pá fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí sìkéèlì, ẹ wo ìwé tó bá kámẹ́rà yín wá. Tèmi nìyí: Nikon D750 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì jẹ́ gíráàmù 840, lẹ́ǹsì Nikon 70-200 f/2.8 VR II jẹ́ 1,540. Fíláàṣì pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin tó bí ìdajì kílò. Àròpọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí kílò 3.

Kámẹ́rà tuntun fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sony A7 III jẹ́ gíráàmù 650, lẹ́ǹsì 70-200 GM II wọn sì jẹ́ 1,045. Ẹni tó ń lo ìyẹn lè fi ọ̀pá tó fúyẹ́ ṣe é.

Lẹ́ǹsì tó wúwo jù nínú èyí tí ẹ ń lò ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ràn jù. Èyí tí ẹ máa ń yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ orúkọ: Sigma ní lẹ́ǹsì 150-600 méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Contemporary jẹ́ gíráàmù 1,930, èyí tí wọ́n ń pè ní Sports jẹ́ 2,860. Orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, síbẹ̀ ìyàtọ̀ wọn sún mọ́ kílò kan. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì

Kílò 3 ni ẹrù mi, nítorí náà n kì í wo ọ̀pá tí wọ́n kọ ohun tó kéré sí kílò 6 sí. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọn tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹrù tó dúró jẹ́ẹ́, tó wà lójú òpó gan-an ni wọ́n sábà ń rò. Bẹ́ẹ̀ lẹ́ǹsì máa ń fà síwájú, ẹ̀yin náà máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà gbọ̀n, nígbà míì ẹ tiẹ̀ máa ń gbé àgbọ̀n lé e bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Gbogbo ìyẹn ẹrù ni.

Tèmi tó kọ 8 ńkọ́? Nígbà tí mo tú u palẹ̀ nílé, mo rí i pé rọ́bà pélébé tó ń di oríkèé ìsàlẹ̀ mú nínú lọ́ọ̀kù ti jẹ, iyanrìn sì ti kún ojú rẹ̀. Oríkèé náà fúnra rẹ̀ kò nípọn ju ìka ìlábẹ̀ mi lọ. Òkè ọ̀pá yẹn lè gbé kílò 8, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló ń gbé òkè.

Orí tún ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ lè ra ọ̀pá tó ń gbé kílò 10, kí ẹ wá de orí tó ń gbé 2.5 mọ́ ọn, kílò 2.5 lẹ ní lọ́wọ́ yẹn. Ẹni tí ọlọ́jà bá ti dè é pọ̀ tà fún, kó béèrè nọ́ńbà méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì gba èyí tó kéré.

Bí a ti dárúkọ orí, ẹ má ra orí oníbọ́ọ̀lù, èyí tó ń yí síbi gbogbo, fún mọ́nópọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé òun ló pọ̀ jù lọ́jà. Bí ẹ bá tú u díẹ̀, lẹ́ǹsì ńlá á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọrùn ọmọ tuntun, ìka yín á sì wà láàárín. Èyí tó ń tẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn nìkan ni kí ẹ wá, torí ẹ lè yí ọ̀pá fúnra rẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹ sì lè yí òrùka lẹ́ǹsì tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò olóòró. Àwọn onífọ́tò bọ́ọ̀lù kan kì í tiẹ̀ lo orí rárá. Wọ́n á de lẹ́ǹsì mọ́ bóòtù ọ̀pá tààrà. Bí ẹ bá tẹ̀ lé wọn, ẹ má gbàgbé láti dá 8 tí ẹ yọ lẹ́ẹ̀kan padà sínú ìṣirò gíga.

Bóòtù oríṣi méjì ló wà: kékeré jẹ́ íǹṣì 1/4, ńlá jẹ́ 3/8. Ìdí kámẹ́rà máa ń gba kékeré. Orí àti ẹsẹ̀ lẹ́ǹsì ńlá sábà ń gba ńlá. Ọ̀pá tó dára máa ń ní méjèèjì, tí ẹ lè dojú rẹ̀ dé. Ẹ má fi tipátipá lọ́ ọ.

Oríkèé mélòó?

Mẹ́rin, bí ẹ bá bi mí. Ọ̀pá tó ga tó 160 tó ní oríkèé mẹ́rin máa ń ká dé bíi 50 sí 55, ó sì wọ inú báàgì ẹ̀yìn. Olóríkèé márùn-ún á ká kéré sí i, àmọ́ àfikún kọ̀ọ̀kan ló ń tín-ín-rín ju ti ìṣáájú lọ, lọ́ọ̀kù tó lè jáni kulẹ̀ sì ti fi ọ̀kan lé sí i. Ìgbà tí mo máa ní kí ẹ ra olóríkèé márùn-ún ni bí ẹ bá máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, tí olóríkèé mẹ́rin kò sì lè ká kéré tó. Ẹ rántí 78 yẹn: ẹ yọ 13, ẹ yọ 8, ó ku 57. Ọ̀pá tí kò bá lè ká wọ inú 57 máa gbé kámẹ́rà ga ju ojú yín lọ.

Lọ́ọ̀kù tí a ń lọ́ àti èyí tó ní ahọ́n tí a ń ṣí, tí a ń pa dé: méjèèjì dára. Ojú lásán lẹ fi máa mọ̀ pé ahọ́n ti dé, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lóde alẹ́. Káábọ́ọ̀nù fúyẹ́ ju alumíníọ́mù lọ, oòrùn kì í sì í sọ ọ́ di irin gbígbóná lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Bí owó kò bá tó ra káábọ́ọ̀nù tó nípọn, alumíníọ́mù tó nípọn sàn ju káábọ́ọ̀nù tín-ín-rín lọ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù

Kámẹ́rà yín ni kí ẹ gbé lọ, pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó wúwo jù, àti nọ́ńbà méjì tí ẹ ti kọ sílẹ̀ nílé: gíga àti kílò. Ẹ máa rí Manfrotto, Benro, Sirui àti àwọn mìíràn tí orúkọ wọn kò yé ẹnikẹ́ni. Mo máa ń fi orúkọ sílẹ̀ ná.

Ẹ fa gbogbo oríkèé yọ, ẹ ti gbogbo lọ́ọ̀kù, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà ara páálí lè ti ka orí mọ́ ọn. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tí kì í yọ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ dìde. Ẹ má fò lé e o, ìwọ̀n bíi ìdajì garawa omi ti tó. Ẹ wo ojú oríkèé kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí èyíkéyìí bá fi bínńtín wọlé, ẹ dá a padà, kí ọlọ́jà má sọ fún yín pé ẹ ò lọ́ ọ dáadáa. Ẹ lọ́ ọ fúnra yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tún un tẹ̀. Tó bá tún wọlé, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì yí òkè rẹ̀ bí ẹni tó ń fún aṣọ. Kò gbọdọ̀ yí. Ẹ wo rọ́bà ìdí rẹ̀ bóyá ó ṣeé pààrọ̀. Ẹ wá de kámẹ́rà mọ́ ọn, ẹ dúró bí ẹ ṣe ń dúró sóde, ẹ gbé imú lẹ́ǹsì sí pátákó ọjà tó ga jù lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó máa jọ ohun tó pẹ́. Àwọn èèyàn á máa wò yín. Bí ọrùn yín bá ti tẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ọ̀pá yẹn kúrú, ohun yòówù kí páálí sọ.

Tòkunbọ̀ kò burú, mo ti ra méjì. Lọ́ọ̀kù rẹ̀ nìkan ni kí ẹ tú wò. Bí wọ́n bá lo ọ̀pá ní etí òkun, iyọ̀ àti iyanrìn máa wà nínú rẹ̀. Omi tó mọ́ ló ń ṣàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó ká a.

Bí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ dúró ti ògiri tí ẹ sàmì sí níjọ́sí, kí ẹ tún un tò dé gíga tó bá ojú yín mu, kí ẹ fi kúútẹ́ẹ̀sì sàmì sára oríkèé níbi tí ó dé. Ẹ jókòó sórí àpótí, kí ẹ sàmì ìkejì. Pupa ni tèmi, ti ìyàwó mi ni, kò sì tíì dárí jì mí. Bí mo bá ti dé òde báyìí, mo kàn fà á dé ibi pupa, mo ti lọ́ọ̀kù, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹṣin tó yọ sí wa.